Kíláàsì Ọjọ́ Ọ̀la ní Logbaba

Mọ́ńdè, 15 oṣù kẹrin, 2019

Sáà kẹta wọlé lónìí. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ooru sì mú bí ẹni pé wọ́n daṣọ bò wá lórí. Kí n tó gbé báàgì mi kalẹ̀ ni Ọ̀gá Elkanah, olùdarí ilé ìwé wa ní Logbaba, ti ránṣẹ́ pè mí. Ó lọ sí ìpàdé kan ní Yaoundé nígbà ìsinmi, ara rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó ní wọ́n fi fídíò ilé iṣẹ́ kan hàn wọ́n, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dá ṣe gbogbo nǹkan, tí ẹnì kan ṣoṣo ń rìn káàkiri láàárín wọn bí ẹni ń ṣọ́ oko.

"Màdáàmù Ṣóbọ̀wálé," ó ní, "kí àwọn ọmọ Form Three yìí tó dàgbà, irú iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe lè má sí mọ́. Kí la wá ń kọ́ wọn?"

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni èmi ń kọ́ wọn.

Ó ní kí n máa gba wákàtí méjì ní gbogbo Wẹ́sìdeè. Kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láì jà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan mìíràn nígbà tí èyí tí wọ́n mọ̀ bá ti di ohun àná. Mo béèrè ìwé tí màá lò. Kò sí. Mo béèrè kọ̀ǹpútà. Ó wo fáànù òkè, kò yí, torí wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Inú àkókò ìṣirò ni wọ́n ti yọ wákàtí méjèèjì. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí ní oṣù kẹfà, àwọn òbí ni yóò sọ bóyá kí kíláàsì náà máa bá a lọ.

Mi ò sọ fún un pé ẹ̀rọ ti dé ilé tèmi. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Douala, ní Kamẹrúùnù níbí, ni Nehemiah ọkọ mi ti ń di bísíkíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Yassa. Lóṣù tó kọjá, tirélà já ẹ̀rọ kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi tapólì bò ó. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí wọ́n máa dá dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Wẹ́sìdeè, 17 oṣù kẹrin

Kíláàsì àkọ́kọ́. Mo bi wọ́n pé, tí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, kí lẹ máa ṣe? André, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan kọjá láì fi ṣẹ̀fẹ̀, ní òun máa yọ wáyà rẹ̀. Rùkáyàt, ọmọ Alhaji Bàdámọ́sí tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ndogbong, ní òun máa ta ẹ̀rọ ọ̀hún fún ẹlòmíì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Treasure kò rẹ́rìn-ín. Láti agbègbè Kumba, ní apá tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ni àbúrò ìyá rẹ̀ ti mú un wá ní oṣù kìíní. Ìjà ìjọba àti àwọn tó fẹ́ yapa níbẹ̀ ti ti ilé ìwé wọn pa fún ohun tó lé ní ọdún méjì, òun ló dàgbà jù ní kíláàsì báyìí. Ó ń kọ̀wé dáadáa. Àmọ́ kì í lanu. Faransé tí gbogbo ìgboro ń sọ kò yé e, Gẹ̀ẹ́sì tó yé e náà, kò fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tí mo ń jáde, ọmọ kan ní, "Màdáàmù, kí gan-an ni ẹ̀rọ ò lè ṣe?" Mo ní kí wọ́n lọ rò ó. Orí bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà tibí, ni èmi náà ti rò ó délé, eruku ń wọ̀ mí lójú.

Wẹ́sìdeè, 24 oṣù kẹrin

Mo ní kí wọ́n wá nǹkan kan tó ń yọ ilé ìwé lẹ́nu, kí wọ́n sì jọ tún un ṣe. Ariwo lásán ni wákàtí àkọ́kọ́. Ta ni olórí, ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ méjì bínú kúrò níbẹ̀. Níkẹyìn wọ́n mú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, tí kò ní ìkọ́.

Sátidé, 27 oṣù kẹrin

Mo lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní Ndogbong. Tòmátì ti wọ́n, wọ́n ní ọ̀nà ibi tó ti ń wá kò dára. Alhaji Bàdámọ́sí rí mi láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ké sí mi.

"Màdáàmù tíṣà, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ́ ọmọ mi?"

"Ṣé kò sí o, Alhaji?"

"Ó ń bi mí ní ìbéèrè. Mo ní kó lọ gbé bíréèkì mọ́tò wá, ó ní kí ló dé tí n kì í kọ orúkọ páàtì sára pákó kí wọ́n yéé wá a kiri. Níwájú kọ́sítọ́mà! Ìṣirò ni mo ń san owó fún, mi ò san owó ìbéèrè."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti wá kọ orúkọ páàtì sára pákó?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti kọ ọ́. Síbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní a máa pàdé ní oṣù kẹfà.

Fúráìdè, 3 oṣù karùn-ún

Wọ́n ṣí tapólì. Nehemiah ní ohun tí àwọn tó wà ní ìlà òun ń dì láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà ti dì í tán kí wọ́n tó mu tíì. "Kò tiẹ̀ ń pariwo," ó ní. Ó jọ pé ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Wẹ́sìdeè, 8 oṣù karùn-ún

Ilẹ̀kùn ti ní ìkọ́. Ó wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó ń tì. Àwọn ọmọbìnrin ń lọ tì í, wọ́n ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú rẹ̀.

Tọ́sìdeè, 9 oṣù karùn-ún

Ọ̀gá Elkanah ti bá wa gba àyè láti lọ wo ilé iṣẹ́ kan. Inú rẹ̀ dùn, ó fi ìwé náà hàn mí. Ilé iṣẹ́ Nehemiah ni. Mo ní ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní ìyẹn tún dára, a máa rí ẹni tó máa mú wa yíká.

Mo sọ fún Nehemiah nígbà tí a ń jẹun. Ó ní kí a máa bọ̀, ilé iṣẹ́ kì í ṣe tòun.

Túsìdeè, 14 oṣù karùn-ún

A lọ. Òjò ti rọ̀ lóru, ọ̀nà Yassa di ẹrẹ̀, bọ́ọ̀sì wa sì rì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ò fi ẹnu kan omi, síbẹ̀ àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti tì í.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbà wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, Faransé ló ń sọ, Rùkáyàt sì ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́. Mi ò yàn án síbẹ̀, òun ló bọ́ síwájú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà funfun, ó mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ. Bísíkíìtì ń wọlé lápá kan ní ìhòòhò, ó ń jáde lápá kejì nínú páálí tí wọ́n ti lẹ̀. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ló dúró tì í, wọ́n ń wo gíláàsì kékeré kan tí ọ̀rọ̀ ń hàn lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ la ẹnu sílẹ̀. Kí n sọ òótọ́, èmi náà la ẹnu. Ó dára láti wò.

Nehemiah wà lápá ògiri pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìlà àtijọ́. Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo kí i, ó dáhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn.

Ọ̀gá náà ní ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ níbi báyìí, kì í ṣe agbára apá ni òun ń wá. Òun ń wá ẹni tó lè ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ sójú gíláàsì, tí kò ní dákẹ́ tí ó bá rí i pé nǹkan ń bàjẹ́, tí kò ní bẹ̀rù láti sọ pé òun ò mọ̀.

André na ọwọ́ sókè. Mo ti ń múra láti gbọ́ ẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Mèsíyọ̀, àwọn tó ń dì í tẹ́lẹ̀ dà? Ṣé wọ́n á ṣì máa wá?"

Ọ̀gá náà yíjú. Ó wo apá ògiri. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, Rùkáyàt sì tú u kó tó mọ ohun tó ń tú: "Díẹ̀ nínú wọn máa dúró. Ìyókù, rárá. Oṣù yìí ni."

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lápá ògiri gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó jáde síta. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ. Rùkáyàt fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo kó wọn padà. Wọn kò kọrin nínú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí Nehemiah wọlé ní ìrọ̀lẹ́, kò bọ́ bàtà.

"Ẹnu ọmọ kíláàsì rẹ ni mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ mi ti tán."

Mo ní, "Ṣé ó sàn kí ẹ má gbọ́ rárá, kí wọ́n kàn ti géètì mọ́ yín lọ́jọ́ kan?"

"Ó sàn kí n gbọ́ ọ níbi tí ìyàwó mi ò sí. Níbi tí àwọn ọmọ ò ti máa wò mí bí ẹni ń wo mọ́tò tó jábọ́ sí kòtò."

Ṣìkẹ́ ọmọ wa gbé oúnjẹ wá, ó wo ojú wa, ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Fúráìdè, 17 oṣù karùn-ún

Wọ́n ní kí Nehemiah má wá síṣẹ́ mọ́. Mo dín dòdò, ó tọ́ ọ wò, kò jẹ ẹ́.

Mọ́ńdè, 20 oṣù karùn-ún

Ọdún ìjọba, tí wọ́n ń pè ní fẹ́ètì níbí. A kó àwọn ọmọ lọ sí ìwọ́de, òjò dà lé wa lórí. Nehemiah kò jáde nílé. Nígbà tí mo dé, ó ti tún gbogbo ilẹ̀kùn àpótí ìdáná ṣe, títí kan èyí tí kò bàjẹ́.

Wẹ́sìdeè, 22 oṣù karùn-ún

Mo ti múra ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Mi ò lè kọ́ ọ. Àwọn ọmọ ń wò mí. André ní kí n má bínú. Mo ní kò ṣe nǹkan tó burú, ìbéèrè tó tọ́ ló béèrè, àgbà ni kò sọ̀rọ̀ ní àkókò. Mo wá bi wọ́n pé, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe? Wọ́n sọ oríṣiríṣi: kó gbàdúrà, kó ta mọ́tò rẹ̀, kó padà sí ìlú rẹ̀. Rùkáyàt ní àwa kàn ń méfò ni. "Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí."

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń tọ́ka sí. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Tọ́sìdeè, 23 oṣù karùn-ún

Mo bi Nehemiah bóyá ó lè wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òun kì í ṣe fídíò Ọ̀gá Elkanah.

Sọ́ńdè, 26 oṣù karùn-ún

Mi ò tún bi í. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ní kó dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ó dúpẹ́. Lójú ọ̀nà ó ní, "Gbogbo èèyàn ló ń sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Àwọn ọmọ mi fẹ́ béèrè."

Kò kọ̀ mọ́.

Wẹ́sìdeè, 29 oṣù karùn-ún

Nehemiah ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo jí. Ó ní, "Aago mélòó ni kíláàsì ọ̀hún?"

Ní kíláàsì, kò fẹ́ dúró níwájú, ó ní kí àwọn ọmọ fún òun ní àga láàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ẹ̀rọ: bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí bébà ṣe máa ń há sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò dun ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n ń tẹ́tí, àmọ́ ara wọn kò lélẹ̀. Mo ti fẹ́ dá sí i.

Treasure ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mi ò gbọ́ ọ rí.

"Sà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ò níbi tí ẹ ń lọ mọ́, láàárọ̀, kí lẹ ṣe?"

Nehemiah wò ó. "Mo wẹ̀," ó ní. "Mo wọ aṣọ iṣẹ́. Mo wọ bàtà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń rìn nínú ilé, mi ò fẹ́ kó mọ̀. Mo wá bọ́ bàtà, mo jókòó."

Èmi tí mo wà nínú ilé yẹn kò mọ̀. Mo rò pé kò tíì jí ni.

Treasure ní, "Èmi náà wọ yunifọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé wa, inú oko la sá lọ. Mo máa ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ìyá mi ní kí n bọ́ ọ kó má baà gbó. Mi ò bọ́ ọ. Ó gbó."

"Ṣé o wá ṣíwọ́ wíwọ̀ ọ́?" Nehemiah bi í.

"Ó há mọ́ mi. Mo wá ń kọ́ àwọn ọmọdé tó wà nínú oko ní A-B-C. Mi ò ní ṣọ́ọ̀kì, ilẹ̀ la ń kọ ọ́ sí. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n kọ́. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀."

Nehemiah mi orí.

"Àṣíà, sà," Treasure ní, bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tí nǹkan dùn níhìn-ín.

"Àṣíà fún ìwọ náà," Nehemiah ní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè gidi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Ṣé ó ń bínú sí ẹ̀rọ? Ó ní rárá, ẹni tó purọ́ fún wọn ló ń bínú sí. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà? Ó ní ọwọ́ òun lè ṣe é. Faransé tí wọ́n kọ sójú gíláàsì ni òun ò lè kà. Èyí tí òun ń sọ lọ́jà kò tó o. Mi ò gbọ́ kó sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì sọ ọ́ níwájú ọmọ tó lé ní ogún.

A jọ rìn dé títì. Ó ní, "Ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀."

Wẹ́sìdeè, 5 oṣù kẹfà

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni lánàá. Rùkáyàt gbé ẹran àti ìrẹsì wá fún wa láti ilé wọn. Ó bi Nehemiah bóyá ó ti ríṣẹ́. Mo fẹ́ bá a wí. Nehemiah ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní kò tíì rí i.

Fúráìdè, 14 oṣù kẹfà

Ìpàdé òbí. Òjò ń lu páànù débi pé a ní láti máa pariwo. Àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n kọ́. André sọ̀rọ̀ jù. Treasure sọ̀rọ̀ díẹ̀, nípa ìkọ́ ilẹ̀kùn, ó sì jókòó. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn sunkún, ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ìdí.

Bàbá kan ní fáìn, àmọ́ ìdánwò ìjọba kò ní bi wọ́n nípa ìkọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Alhaji Bàdámọ́sí dìde.

"Wákàtí méjì pọ̀," ó ní. "Ẹ fún ìṣirò ní ọ̀kan padà."

Ọ̀gá Elkanah ní, "Àti èkejì ńkọ́?"

"Kí màdáàmù máa mú un. Ọmọ mi ò gbọ́ràn mọ́, àmọ́ ó ti mọ ohun tó ń béèrè fún."

Ó ná kíláàsì mi bí ẹni ń ná páàtì. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ wákàtí méjì. Ọ̀kan ni mo rí.

Túsìdeè, 18 oṣù kẹfà

Ilé iṣẹ́ náà ń kó ẹ̀rọ kejì wọlé, wọ́n ń wá àwọn tó máa dúró tì í. Nehemiah lọ fi orúkọ sílẹ̀. Rùkáyàt wá fi Faransé dá a lẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣe bí ọ̀gá ilé iṣẹ́, ó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Túsìdeè, 25 oṣù kẹfà

Wọn ò mú un.

Mo gbọ́ ìdúró rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, mo ti mọ̀. Mo fún un lómi. Omi bo gbogbo àdúgbò wa, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Mo bi wọ́n ní ìdí," ó ní.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kò fẹ́ sọ ọ́, ó ní wọ́n á pè mí. Mo ní mo mọ̀ pé ẹ ò ní pè mí, mi ò bínú, ohun tí mo kùnà ni kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ó wò mí. Ó wá mú ìwé tí mo kà níwájú rẹ̀, ó fi ibi tí mo ti ṣì í kà hàn mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún máa gba èèyàn tí ilé ìwé bá wọlé." Ó mu omi náà tán. "Tẹ́lẹ̀, màá kàn jáde ni."

Mo ní a máa ń ṣe kíláàsì ìsinmi ní Faransé fún àwọn ọmọ tó wá láti apá Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé kò kàn án.

"Àwọn ọmọdé ni," ó ní.

"Ọmọdé ni wọ́n."

Mọ́ńdè, 1 oṣù keje

Kíláàsì ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Òjò kò dá láti òru. Èmi kọ́ ni mo ń kọ́ Faransé, iṣẹ́ mi lónìí kò ju kí n to ìwé ilé ìkàwé lọ. Àmọ́ mo ṣáà ń rí ìdí láti gba kọ́rídọ̀ kọjá.

Nehemiah jókòó sẹ́yìn. Orúnkún rẹ̀ kò gba abẹ́ tábìlì, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń yíjú wò ó. Treasure pẹ́ dé, aṣọ rẹ̀ tutù. Àyè pọ̀ níwájú, ó kọjá wọn, ó sì lọ jókòó tì í.

Tíṣà Faransé kọ ìpínrọ̀ kan sójú pátákó, ó bi wọ́n pé ta ló máa kọ́kọ́ kà á. Kò sẹ́ni tó gbé orí sókè.

Nehemiah na ọwọ́.

Ó dìde, torí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yẹn kò ní jẹ́ kó kà á dáadáa. Ó kà á. Ó ṣì í ní ìlà àkọ́kọ́, ẹnì kan rín ẹ̀rín sábẹ́ imú, tíṣà tún un ṣe fún un. Ó tún un kà. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀kan sí i nísàlẹ̀. Treasure ń kà á tẹ̀lé e, ètè rẹ̀ ń mì, títí tí ohùn rẹ̀ fi jáde.

Mo dúró sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ìwé tí mo gbé mọ́ àyà títí tí wọ́n fi kà á tán.